Àyè Láàárín Iná àti Pákó

 Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń se oúnjẹ ni, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ ohun tí ó yí iná ká níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi igi ìdáná àti sítóòfù kẹrosíìnì sílẹ̀. Gáàsì ni a ń lò báyìí. Ó yá, kò ní èéfín, kì í sọ ìdí ìkòkò di dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú omi jáde lójú ẹni. Èmi gan-an kò fẹ́ padà sí ìdí igi tútù mọ́ láyé mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí ìyàwó ilé bá lọ sí ọjà láti ra kúkà gáàsì, ohun tí ó máa ń bèèrè ni iye ojú iná tí ó ní, bóyá a lè yan àkàrà òyìnbó nínú rẹ̀, àti iye tí wọn yóò gbà gbẹ̀yìn. Ibi tí kúkà náà yóò dúró kì í wá sínú ìbéèrè rárá. Bí wọ́n bá gbé e délé, àlàfo tí káfíńtà fi sílẹ̀ láàárín àwọn kábínẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò tì í sí, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ó kan kábínẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn kì í dáná níbẹ̀. Igi ni ó mọ̀, kò mọ iná.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé ìdáná àwọn ìyá ìyá wa ti rí. Ẹ̀yìnkùlé ni ó sábà máa ń wà, ní ìyàsọ́tọ̀ sí yàrá tí a ń sùn. Orí ilẹ̀ ni ààrò wà, amọ̀ ni ògiri, kò sì sí ohun tí ó sún mọ́ iná ju ìkòkò àti igi tí a ń dá lọ. Èmi kò sọ pé ilé kì í jó nígbà náà o. Ilé tí a fi koríko bò a máa jó ràn láti agboolé kan dé òmíràn lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Bóyá ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi gbé iná jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn. Lóde òní, inú ilé gan-an ni ilé ìdáná wà, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín rẹ̀ àti yàrá àwọn ọmọ. Kábínẹ́ẹ̀tì pákó wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Àjà onírọ́bà wà lókè orí. Kọ́tìnì wà lójú fèrèsé. Iná wá dúró sí àárín gbogbo ohun tí ó lè jó.

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ni wọ́n ń bá wí, ẹni tí gbogbo ìlú yóò bá kọ́ òmíràn. Ayálégbé inú ilé oníyàrá méjì kò lè rí ẹwà kankan nínú tirẹ̀.

Bí a bá gbọ́ pé iná mú pákó, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ahọ́n iná lá a. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ooru nìkan lè ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé iná fọwọ́ kàn án. Pákó gbígbẹ a máa gbiná kíákíá bí ara rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Omi tí ń hó kò ju 100 lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè fi ọkàn balẹ̀ pé ooru tí ń ti orí ìkòkò lu abẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì kò lè tó 300 láéláé. Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń sun èédú léèrè.

Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sun èédú ní agbègbè Òkè-Ògùn yóò mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí igi náà jó. Wọn a tò ó jọ, wọn a fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, wọn a ti iná díẹ̀ bọ inú rẹ̀, wọn a sì dí ojú afẹ́fẹ́. Ooru yóò máa lé omi àti gbogbo ohun tí ń di èéfín jáde lára igi náà fún ọjọ́ púpọ̀, títí yóò fi ku èédú nìkan. Gbogbo ẹni tí ó ti yan àgbàdo rí ni ó mọ̀ pé èédú kì í ṣe ẹgbẹ́ igi tútù. Ẹ̀ta iná kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ó ti pọ́n.

Ohun kan náà ni ó lè máa ṣẹlẹ̀ sí pákó tí ó wà lókè kúkà gáàsì yín, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, fún oṣù àti ọdún. Ooru tí kò ju ti omi híhó lọ púpọ̀ lè máa sọ igi di èédú bí ó bá ń bà á lójoojúmọ́. Ọ̀dà tàbí fọmáíkà ara rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa ṣí kúrò. Àwọ̀ pákó náà yóò wá pọ́n rúsúrúsú, yóò dà bí omi tíì, yóò sì dúdú. Nígbà tí ó bá dé ìpele yìí, ooru tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án lè tó láti mú un gbiná. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí fi máa ń sọ pé, “Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dáná níbẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe.” Ọdún mẹ́fà yẹn gan-an ni ó ṣe é.

Ẹ lè yẹ ti yín wò lónìí. Lẹ́yìn tí ẹ bá se ẹ̀wà tán, tí ẹ sì ti pa iná, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì tí ó wà lókè kúkà náà. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá, pákó yẹn sún mọ́ iná jù. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ojú rẹ̀ níwájú tí ẹ ń nù lójoojúmọ́, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ba wò.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó jìnnà tó? Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé ìwọ̀n kalẹ̀ nínú òfin wọn lórí gáàsì, mo sì rò pé ó yẹ kí a yá a lò. Láti ojú kúkà níbi tí ìkòkò ń jókòó lé títí dé abẹ́ pákó tàbí kábínẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tí ó wà lókè rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní ínṣì 30, èyí tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀, tàbí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 76. Bí wọ́n bá ti fi pátákó tí kì í jóná bo abẹ́ pákó náà, tí wọ́n sì tún fi páànù bo ìyẹn, wọ́n gbà kí ó jẹ́ ínṣì 24. Ẹ wá gbé tépù lọ sí ilé ìdáná yín. Àlàfo tí àwọn káfíńtà sábà máa ń fi sílẹ̀ láàárín kábínẹ́ẹ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 18. Ìwọ̀n yẹn dára fún ibi tí a ti ń gé ẹ̀fọ́. Kò dára fún orí iná. Bí ẹ bá bi mí, èmi kì í fẹ́ kí kábínẹ́ẹ̀tì kankan wà lókè kúkà rárá. Ẹ jẹ́ kí ògiri wà lásán níbẹ̀, kí ẹ má sì fi kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ìwé kékeré kan a máa bá kúkà wá nínú páálí. Ọ̀pọ̀ ni ó ń jù ú nù pẹ̀lú páálí náà. Inú ìwé yẹn ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kúkà ti kọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ lókè, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìwọ̀n inú rẹ̀ bá ju èyí tí mo sọ yìí lọ, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kúkà ṣe pàtàkì fún àwa tí a fẹ́ràn ìkòkò ńlá. Bí ìkòkò bá fẹ̀ ju ojú iná lọ, ooru kò ní lè gòkè tààrà. Yóò máa gba abẹ́ ìkòkò jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ìkómọ tí a gbé lé ojú iná tí ó wà létí ògiri a máa yan ògiri náà bí ẹni yan ẹran. Bí ògiri yẹn bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́, kò léwu. Bí ó bá jẹ́ ara kábínẹ́ẹ̀tì ni, tàbí pákó tí wọ́n fi pín yàrá sí méjì, ẹ gbé ìkòkò ńlá lọ sí ìta.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn oníṣẹ́ jiyàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ táìlì. Ìyàwó ilé yóò sọ pé pákó sún mọ́ iná jù, káfíńtà yóò dáhùn pé, “Mọ̀dáámù, ẹ má ṣe ìyọnu, a ó lẹ táìlì mọ́ ọn.” Wọn yóò lẹ ẹ́, yóò dán, ọkàn gbogbo ènìyàn yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni táìlì? Amọ̀ tí a sun ni. Kí ni ìkòkò ìṣáájú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀? Amọ̀ tí a sun ni pẹ̀lú. Bí amọ̀ sísun bá lè dí ooru lọ́nà, ọbẹ̀ kan kì bá tí jinná nínú ìkòkò náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ooru a máa la táìlì kọjá lọ bá pákó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé táìlì kò ní jẹ́ kí a rí i nígbà tí pákó náà bá ń dúdú. Táìlì dára fún ìmọ́tótó, ó dára lórí ògiri búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n kò lè gba pákó lọ́wọ́ ooru.

Ohun tí ń gba pákó lọ́wọ́ ooru ni afẹ́fẹ́ tí ń rìn. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ páànù gé páànù nípọn kan tí ó fẹ̀ ju ibi tí kúkà dúró sí lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ pákó pẹ́kípẹ́kí. Kí wọ́n fi ọ̀pá irin kéékèèké tàbí ohun mìíràn tí kì í jóná gbé e kúrò lára pákó ní ínṣì kan gbáko, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti òkè rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Bí páànù náà bá gbóná, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbóná pẹ̀lú, yóò sì máa gba òkè jáde. Afẹ́fẹ́ tútù yóò máa gba ìsàlẹ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Àlàfo ínṣì kan yẹn ni ó ń ṣe iṣẹ́, páànù kò ju ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àlàfo náà ṣe ibi ìkó ọ̀rá sí. Àwọn òṣìṣẹ́ panápaná ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà pé irú páànù bẹ́ẹ̀, bí ó bá ní àlàfo ínṣì kan lẹ́yìn, lè mú kí ohun tí ó yẹ kí ó jìnnà sí ògiri pákó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sún mọ́ ọn dé ẹsẹ̀ bàtà kan. Ti sítóòfù onígi tí wọ́n fi ń mú ilé móoru ni wọ́n fi wọn ìyẹn o, ṣùgbọ́n ó fi bí agbára afẹ́fẹ́ ti pọ̀ tó hàn wá.

Àjà onírọ́bà tí a ń pè ní PVC ti gbòde kan, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀ nínú yàrá. Ní ilé ìdáná, ẹ mọ̀ pé rọ́bà yìí ti máa ń rọ̀ kí ó tó gbóná tó omi híhó. Bí iná bá ràn án, èéfín rẹ̀ ní ásíìdì nínú tí ń ta ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ kékeré kò sì lè fara dà á. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ẹ ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tàbí pátákó oníṣìmẹ́ńtì ṣe àjà ilé ìdáná. Kọ́tìnì ní tirẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan ní fèrèsé tí ó wà lẹ́yìn kúkà. Afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ ẹ wọ inú iná lọ́jọ́ kan, bí kò bá tilẹ̀ kọ́kọ́ pa iná náà kí gáàsì sì máa tú jáde láìjó.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ pákó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà fún àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n bá ọkọ wọn lọ sí ìlú òtútù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ààrò ìyáná tí ń jó gáàsì nínú ògiri yàrá ìgbàlejò, pẹpẹ pákó ẹlẹ́wà kan a sì máa wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ń to fọ́tò lé. Òfin àyè kan náà ni ó de pẹpẹ yìí. Bí ó bá ṣe yọ síta tó ni ó ṣe gbọ́dọ̀ ga kúrò lókè iná tó, ìwé ilé iṣẹ́ ni yóò sì sọ iye rẹ̀. Ẹ má ṣe ra pẹpẹ tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ó wà ní ẹ̀dínwó. Ẹ má ṣe sá aṣọ ìlédìí sí iwájú rẹ̀. Gíláàsì iwájú irú ààrò bẹ́ẹ̀ a máa gbóná débi pé yóò bó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ó fi di dandan ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tí wọ́n ṣe láti ọdún 2015 ní àwọ̀n ìdábòbò níwájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti fọwọ́ kan iṣẹ́ gáàsì ilé àyàfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe Register, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009. Onílé tí ó fi ilé háyà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ gáàsì inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àyẹ̀wò náà. Ẹ má ṣe tijú.

Níwọ̀n bí a ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1968, nítorí ó kan ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ilé gogoro kan wà tí wọ́n ń pè ní Ronan Point, alájà 22 ni, kò sì tíì pẹ́ tí àwọn ènìyàn kó wọ inú rẹ̀. Obìnrin kan jí ní ìdájí, ó fẹ́ po tíì, ó ṣá ìṣáná sí kúkà gáàsì rẹ̀. Gáàsì ti ń jò kí ó tó jí. Ìbúgbàù náà ti ògiri ilé rẹ̀ síta, gbogbo igun ilé gogoro náà sì wó lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú, 17 fara pa. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, nọ́ọ̀tù idẹ kékeré kan tí ó so kúkà mọ́ ọ̀pá gáàsì ni ó ṣẹ́, nítorí kò nípọn tó bí ó ti yẹ. Obìnrin tí ó ṣá ìṣáná kò kú. Ilé náà ni wọ́n kọ́ bí ẹni to páálí jọ, àléébù ti ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nọ́ọ̀tù yẹn ti kéré tó.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú sílíńdà ni gáàsì ti ń wá, ó sì ní ìwà kan tí gbogbo abiyamọ gbọ́dọ̀ mọ̀: ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Própéènì àti bútéènì ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wúwo tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́, èkejì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Bí ó bá ń jò, kò ní gòkè bí èéfín. Yóò máa wọ́ nílẹ̀ bí omi tí ó dà nù, yóò wọ abẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì, yóò wọ ihò tí omi ń gbà jáde, yóò sì dúró síbẹ̀. Fèrèsé tí ó ga kò lè lé e lọ. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí dé ilẹ̀ ni ó lè lé e. Lítà kan gáàsì olómi a máa di nǹkan bí lítà 250 bí ó bá tú jáde, bí ó bá sì ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹ̀ta iná kékeré ti tó láti mú un bú gbàù.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn kékeré ẹlẹ́wà tí káfíńtà ṣe sábẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì pé kí a máa fi sílíńdà pamọ́ sí, pańpẹ́ ni. Gáàsì tí ó bá jò nínú rẹ̀ yóò kún inú àpótí pákó náà bí omi ti ń kún agbada. Ìta ni àyè sílíńdà, lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù, ní òòró, lábẹ́ ibòji, kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ojú gọ́tà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ jẹ́ kí wélídà ṣe àgò irin sí i, kí ó jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, kì í ṣe àpótí tí a dé pa. Ẹ ní kí wọ́n fi irin tẹ́ ojú ihò tí rọ́bà gáàsì yóò gbà la ògiri kọjá kí sìmẹ́ńtì má baà gé e, kí rọ́bà náà má sì gba ẹ̀yìn kúkà níbi tí ooru wà. Ẹni tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò sì ní ìta, kí ó fi sílíńdà sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná, ní gbangba, kí ó jìnnà sí fíríìjì, kí ó sì máa tì í láti orí rẹ̀ ní alaalẹ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn kọ́ ni ibi tí a ń gbé e sí. Ọ̀nà tí a ó gbà sá jáde nìyẹn.

Ní ti ojú ìsopọ̀, ẹ po omi ọṣẹ kí ó hó, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí gbogbo ibi tí rọ́bà ti wọ orí sílíńdà àti ìdí kúkà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà. Bí ẹ bá rí ìhó tí ń wú, ó ń jò. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wá a. Ẹ má sì ṣe fi ọṣẹ líle dí i, bí mo ti rí i tí àwọn kan ń ṣe. Kí ẹni tí ó tà á pààrọ̀ rẹ̀ ni. Rọ́bà tí ó bá ti sán, tí ó le gan-gan tàbí tí eku ti fẹnu kàn, owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Bí sílíńdà yín bá gba kílò 12.5, ẹ má ṣe bẹ ẹni tí ń rọ gáàsì pé kí ó fi díẹ̀ lé e.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sínú gáàsì ni, nítorí kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Ó máa ń dà bí òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lóru, ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì ṣe pa èyí tí ó ń tàn, nítorí ìsọ̀rọ̀ iná náà a máa ta. Ẹ má ṣe tan fáànù pé kí ó fẹ́ ẹ lọ. Ẹ ti sílíńdà bí ọwọ́ yín bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ìta ni kí ẹ ti lo tẹlifóònù. Nọ́ńbà 112 ni a ń pè fún ìrànwọ́ pàjáwìrì. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.

Epo tí ó gbiná nínú apẹ àkàrà kò fẹ́ omi. Omi yóò rì sísàlẹ̀ epo, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fọ́n epo tí ń jó káàkiri dé àjà. Ẹ pa iná kúkà, ẹ fi ọmọrí tí ó fẹ̀ tàbí àtẹ irin bò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ má ṣe gbé apẹ náà sáré. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹyin kọ́, epo pupa kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín yóò sọ, pé ilé onílé ni ẹ ń gbé, onílé kò sì ní gbà kí ẹ tú kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ kò nílò láti tú u. Bí àyè bá wà, ẹ sún kúkà kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí ògiri wà lásán, kódà bí kò bá bá àwọn yòókù tò lọ́gbọọgba. Àlejò tí yóò bú yín nítorí ìyẹn kò tíì wẹ apẹ yín rí. Bí kò bá sí àyè, ẹ fi sukurudiréfà yọ ilẹ̀kùn àti pẹpẹ ìsàlẹ̀ kábínẹ́ẹ̀tì tí ó wà lókè iná náà nìkan, kí ìdérí òkè rẹ̀ lè jìnnà tó ínṣì 30, kí ẹ sì kó ohun gbogbo kúrò nínú rẹ̀. Ẹ di sukurúù wọn sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ ilẹ̀kùn náà, ẹ tọ́jú wọn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ dá a padà bí ẹ ti bá a.